Sátidé Kan Láàárín Búrẹ́dì àti Àkàrà ní Bẹ́yẹrúnkà

Àlejò tó bá sùn sí àárín ìgboro Ìbàdàn àtijọ́ kì í sùn pẹ́. Ìpè àsùbáà, ìró ẹ̀rọ ìlọta àti ariwo àwọn onítakisí Máíkírà tó ń pe "Bẹẹrẹ! Ọjà'ba!" ni yóò jí i. Bó bá sì ti jí, oúnjẹ ló kàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bójú tó yàrá àlejò tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìdílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá oúnjẹ àárọ̀ kan tí kì í ṣe aládùn bí i kéèkì, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan mú jẹ, tó yó èèyàn, tí kò sì ní kán epo sára aṣọ àríyá. Àwọn tó máa ń sùn lọ́dọ̀ wa lópin ọ̀sẹ̀ kì í ráyè jókòó ti oúnjẹ. Òmíràn ń lọ síbi ìgbéyàwó, òmíràn wá ṣe òkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ń kánjú. Sátidé kan la fi dán gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wa wò. Bí ọjọ́ náà ṣe lọ láti ìdájí dé alẹ́ nìyí.

Aago márùn-ún ìdájí

Ẹ̀wà la kọ́kọ́ dojú kọ. Láti alẹ́ Jímọ̀ la ti bó o. A rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí èèpo fi ṣí, a da omi lé e kí èèpo léfòó, a sì ṣẹ́ ẹ dà nù. Lẹ́yìn náà la tún rẹ ẹ́ sínú omi mìíràn di ìdájí. Rírẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ṣe pàtàkì, torí ẹ̀wà tó bá ti mu omi yó ló ń kúnná láìjẹ́ pé èèyàn bu omi sí i lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí omi bá pọ̀ jù nínú ẹ̀wà lílọ̀, àkàrà a tú sépo, èyí tí kò bá sì tú a máa mu epo bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Epo tí àkàrà bá mu, inú búrẹ́dì ni yóò tú u sí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata ní ojúlé kejì, ó sì ní kí ó fọ ẹ̀rọ náà dáadáa kí ata àná má baà kó sí ẹ̀wà. Nígbà tó dé, ó dà á sínú odó, ó mú ọmọ odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó sí apá kan ṣoṣo. Lákọ̀ọ́kọ́, ó nípọn, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú díẹ̀. Nígbà tó yá, ó fúyẹ́, ó wú, ó sì funfun sí i, torí afẹ́fẹ́ ti ráyè wọ̀ ọ́. Ó fi ṣíbí kán ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ife omi. Ó rì. Ó tún pò ó sí i, ó tún kán an. Lọ́tẹ̀ yìí, ó léfòó. Ìgbà yẹn ló tó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Kò tíì fi iyọ̀ sí i, torí iyọ̀ tó bá pẹ́ nínú ẹ̀wà lílọ̀ a máa jẹ́ kó ṣomi. Ìgbà tí epo bá ti gbóná tán ni iyọ̀, àlùbọ́sà àti ata rodo ń wọ̀ ọ́.

Aago mẹ́fà

Oníbúrẹ́dì dé. Oríṣi méjì la rà: èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, àti odindi búrẹ́dì tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti Agége. Èkejì yìí wúwo, inú rẹ̀ kì pọ́pọ́, ó sì máa ń fà bí èèyàn bá ya á.

Ìtàn búrẹ́dì yìí yẹ ní mímọ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tó kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ebúté Mẹ́ta, l'Ékòó, ní 1921. Òun ni wọ́n ń pè ní ọba oníbúrẹ́dì Nàìjíríà nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò ní àtẹ̀túntẹ̀ títí yóò fi dán ló sọ búrẹ́dì wa di èyí tó kì, tó sì ń fà. Adúláwọ̀ tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú sọdá òkun ló padà wá fi iṣẹ́ yìí múlẹ̀ láàárín wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé búrẹ́dì àti àkàrà jẹ́ àjèjì méjì tí a fipá so pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ara ọ̀rá búrẹ́dì náà kó tó sanwó, ó ń wá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé wọn kò lo èròjà bróméètì, èyí tí àjọ náà ti fòfin dè. Ó ní ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ àlejò gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ohun tó fún un jẹ.

A gé búrẹ́dì Agége nípọn tó ìka méjì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde kò ṣeé gé, ńṣe ló ń fún pọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Èyí tí wọ́n ti yan láti àná ló gé geere.

Aago mẹ́fà ààbọ̀

Òróró ti ń gbóná. Ìyá aláàkàrà tó máa ń pàtẹ síwájú àdúgbò wa yà wọlé kí wa kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó bojú wo inú páànù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Epo yìí kéré."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, a ò fẹ́ kí epo pọ̀ jù lára rẹ̀ ni."

"Èyí tẹ́ ẹ ń ṣe yìí gan-an ni yóò jẹ́ kó pọ̀ lára rẹ̀. Àkàrà fẹ́ wẹ̀ ni, kò fẹ́ jókòó."

A da òróró kún un. Ìyá ju ègé àlùbọ́sà kan sí i. Ó dúró dìgbà tí àlùbọ́sà náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó yíká, tí òórùn rẹ̀ sì gba inú ilé. Ó wáá gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó bu ẹ̀wà, ó tẹ ṣíbí sún mọ́ ojú epo, ó sì fi ìka àtàǹpàkò tì í sílẹ̀. Ó wọlẹ̀ lọ, ó sì jáde ní wéréwéré, ó ń hó yíká etí. Nígbà tí abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó kàn fi ẹnu ṣíbí tọ́ ọ, ó sì yí ara rẹ̀ padà. Ìyá ní bí epo bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, ara àkàrà yóò yára gbẹ, epo kò sì ní ráyè wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni. A fi bébà nu èyí tó jáde, bébà náà kò rin.

A ti rò ó pé bóyá kí a dà á pẹlẹbẹ, kó fẹ̀ tó ojú búrẹ́dì. A dín in bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ jù, kò ní inú rírọ̀ kankan, ńṣe ló dà bí ìpékeré lẹ́nu. Èyí tó rí roboto ló pegedé. A fi mẹ́ta sínú búrẹ́dì, a da bébà bò ó, a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ tó gbó fọ́ wẹ́wẹ́, inú rẹ̀ tó rọ̀ sì lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó jábọ́ nígbà tí a gé e sí méjì. Búrẹ́dì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ kò gba irú ìtẹ̀ yìí. Ó ya, ó sì lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Aago méje

Ó kan ẹyin. Bí ọ̀pọ̀ ilé àlejò ṣe ń dín ẹyin ni pé wọ́n á da tòmátì, ata àti àlùbọ́sà pọ̀ mọ́ ọn. Ó dùn lórí àwo, ṣùgbọ́n nínú búrẹ́dì, omi tòmátì kò jẹ́ kó dúró. Kí a tó ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́ búrẹ́dì ti rin.

Ẹ̀gbọ́n mi wáá ya wọ́n sọ́tọ̀. Ó dín ẹyin pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi ata díndín lé e. Ata yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́. Bí àwọn ẹlẹ́ẹ̀wà àgànyìn ṣe ń ṣe é la tẹ̀ lé: ẹ jẹ́ kí omi ata gbẹ lórí iná kí epo tó kàn án, kí ẹ sì dín in pẹ̀lú sùúrù títí yóò fi dúdú díẹ̀, tí epo yóò sì yọ sókè fúnra rẹ̀. Ata tí omi ti tán lára rẹ̀ kì í ba búrẹ́dì jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá, búrẹ́dì ẹlẹ́yin náà ṣì wà bó ṣe wà.

Aago méje ààbọ̀

Àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kan wà tó ti Ìṣẹ́yìn wá, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tí wọ́n bí sí London, tí wọ́n wá ṣe ìgbéyàwó ìbátan wọn ní Mápó. A gbé ti alákàrà àti ti ẹlẹ́yin síwájú wọn, pẹ̀lú ògì gbígbóná.

Bàbá ò tilẹ̀ wo ti ẹlẹ́yin. Ó mú ti alákàrà, ó jẹ ẹ́ ní àjẹtán, ó sì ní, "Ọmọ mi, ohun tí mò ń jẹ lọ sílé ìwé nìyí. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò fi kọ́ǹfíléèsì dá mi lóhùn."

Àbúrò nínú àwọn ọmọ London ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹnu. "Àǹtí, ata yìí mú o! Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in kù."

Ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ kò lè jẹ ẹ́ tán. Láti ìgbà yẹn ni a ti pinnu pé inú abọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ni ata yóò máa wà, kí oníkálukú bu ìwọ̀n tí ọ̀fun rẹ̀ lè gbà.

Bàbá ní kí a di méjì fún òun, torí ibi òkú tí òun ń lọ, oúnjẹ wọn kì í tètè jáde. A rí àyè dán nǹkan mìíràn wò. Ọ̀kan la fi ọ̀rá dì, èkejì la fi ewé eéran àti bébà wé. A bẹ Bàbá kó bá wa wo èyí tó bá dára jù.

Aago mẹ́sàn-án

Ìyá oníwàrà dé pẹ̀lú igbá rẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ló mọ iṣẹ́ wàrà dójú àmì. Wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi oje bomubomu sí i kó dì, wọ́n á sì dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí omi rẹ̀ ro. Ohun tó mú kí wàrà yẹ fún búrẹ́dì ni pé kì í yọ́ bí ó ti wù kí iná gbóná tó. Wàràkàṣì òyìnbó á ṣàn jáde létí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n tiwa á dúró digbí.

A gé e nípọn, a bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀, a nu omi ara rẹ̀ kúrò, a sì dín in títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Lábẹ́ rẹ̀ la tẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí, èyí tí a bọ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù pátápátá, tí a sì yí nínú àlùbọ́sà díndín. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ London, tí kì í jẹ ẹran, gba èyí lọ́wọ́ wa lórí ìdúró, ó sì jẹ ẹ́ tán. Èyí ló gba ipò kejì lọ́jọ́ náà.

Aago mọ́kànlá

Àwọn ọmọ London ti gòkè lọ sí Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn olópòó ńláńlá nì ti wà lórí òkè láti 1929. Àwa gba Ọjà'ba lọ.

Ọjà yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní 1829, àmọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ Ìbàdàn ti wà ṣáájú wọn. Ìtàn Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó, sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú náà, èso òro àti ìgbín ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ lórí òkè, karahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Títí di òní, oríkì ìlú kò gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú tí ìgbín wà nínú oríkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi sọ́sééjì inú agolo ṣe àlejò láìkọ́kọ́ dán ìgbín wò. A ra ìgbín, ata, àlùbọ́sà àti edé gbígbẹ.

Aago méjì ọ̀sán

A fi álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìgbín títí ara rẹ̀ kò fi yọ̀ mọ́, a bọ̀ ọ́, a gé e, a sì yí i nínú ata díndín. Adùn rẹ̀ kò láfiwé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìgbín yi. Bí èèyàn bá gé búrẹ́dì náà jẹ, odindi ìgbín ni eyín ń fà jáde, búrẹ́dì á sì ṣófo lọ́wọ́. A rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ àlùbọ́sà, ìṣòro náà sì tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tó bá sọ tẹ́lẹ̀ la ó máa ṣe é fún, ní ìrọ̀lẹ́.

Mọ́ínmọ́ín eléwé náà kò gbẹ́yìn. A gé èyí tó ti tutù nípọn, a fi òróró díẹ̀ yan ojú rẹ̀ méjèèjì nínú páànù. Ó dúró nínú búrẹ́dì, kò kán omi, ó sì dára fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ epo.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: ẹni tí kì í jẹ búrẹ́dì ńkọ́? Àwọn ìbátan wa ní Bahia, ní Brazil, ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. Ní ìlú Salvador, àwọn ìyá aláṣọ funfun ń jókòó ní ìkòríta, wọ́n ń fi epo pupa dín àkàrà ńlá tí wọ́n ń pè ní acarajé. Wọ́n á là á ní àárín, wọ́n á fi ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní vatapá, ilá sísè, edé àti ata kì í. Àkàrà fúnra rẹ̀ ni búrẹ́dì wọn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ló gbé ìmọ̀ yìí sọdá, oúnjẹ Ọya ni nínú ẹ̀sìn Candomblé, iṣẹ́ yìí sì ti gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní 2005, ìjọba Brazil forúkọ iṣẹ́ àwọn aláàkàrà Bahia sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà.

A dín tiwa tóbi tó ìkúùkù, a là á láìjẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ já, a sì fi edé tí a yí nínú ata díndín kì í. Kò sí ìyẹ̀fun àlìkámà kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹyọ kan, kò sọ̀rọ̀, ó tún nawọ́ mú òmíràn.

Aago méje alẹ́

Bàbá dé láti ibi òkú. Ìròyìn rẹ̀ kò gùn: èyí tó wà nínú ọ̀rá ti làágùn, búrẹ́dì rẹ̀ rin, àkàrà rẹ̀ sì dẹ̀. Èyí tí a fi ewé àti bébà wé gbẹ, ewé sì ti fún un lóòórùn. Òun jẹ ọ̀kan kí aago méjìlá tó lù, òun sì fún ọmọ ọ̀rẹ́ òun ní èkejì. Mo béèrè èwo ló fún un. Ó ní, "Ti inú ọ̀rá."

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

A jókòó, a sì to oúnjẹ àárọ̀ ilé wa. Àkàrà nínú búrẹ́dì Agége ló ṣíwájú. Wàrà díndín pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹyin tí ata rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àti mọ́ínmọ́ín fún ẹni tó bá fẹ́. Àkàrà tí a là bíi ti Bahia wà fún ẹni tí kì í jẹ búrẹ́dì. Gbogbo èyí tó yege lọ́jọ́ náà, èyí tó mọ bí a ti í pa omi rẹ̀ mọ́ra ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kùnà, omi ló bà á jẹ́, yálà omi tòmátì ni tàbí òógùn inú ọ̀rá.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pinnu nǹkan kan. Kò ní máa dín àkàrà fúnra rẹ̀ mọ́. Ìyá aláàkàrà ni yóò máa dín in fún wa láràárọ̀, a ó sì máa san owó tó yẹ ẹ́. Ọ̀gá ni ìyá náà nídìí iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ tiwa ni búrẹ́dì tó dára, ata tó gbẹ, ewé tó mọ́ àti àwo tó gbóná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé àlejò ní Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Bódìjà, ọ̀rọ̀ mi sí yín kò pọ̀. Kí ẹ tó ra sọ́sééjì àti ẹ̀wà inú agolo fún àlejò yín lọ́la, ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà yín ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ìyá aláàkàrà ti ń dáná. Ẹ bá a dòwò pọ̀.